Kí o tó bo gọ́tà iwájú ilé torí mọ́tò

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní agbo ilé yín wà ní Mọ̀lípà, Ìjẹ̀bú-Òde. Corolla tìrẹ ti dé, ẹ̀gbọ́n rẹ náà sì ti ra Highlander. Ìta ni mọ́tò méjèèjì ń sùn, ọlọ́kadà ń ha wọ́n lára. O wá fẹ́ wó fẹ́ǹsì iwájú, kí o bo gọ́tà, kí mọ́tò lè wọlé. Àpò sìmẹ́ǹtì àti rọ́ọ̀dù mélòó ni, ṣé géètì fíìtì 10 sì tó? Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gọ́tà ni kí á kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ ni owó ti ń run.

Bíríkìlà tó o bá pè yóò sọ fún ọ pé kí o ra páìpù, kí o tẹ́ ẹ sínú gọ́tà, kí o da yẹ̀pẹ̀ àti kọnkéré lé e lórí. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, ìdí tó fi ń dùn lẹ́nu wọn nìyẹn. Má gbà. Gọ́tà tó fẹ̀ ní fíìtì 2, tó sì jìn ní fíìtì 2, tí o bá ki páìpù ìńṣì 6 sínú rẹ̀, omi tí páìpù yẹn lè gbà kò pé ìdá kan nínú 20 ohun tí gọ́tà ń gbà tẹ́lẹ̀. Èyí tó jẹ́ ìńṣì 12, tí wọ́n á ní "èyí ti tóbi jù", kò pé ìdá kan nínú márùn-ún. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà bíi mélòó kan pẹ̀lú ewé máńgòrò ti tó láti dí i pátápátá. Ilé ẹni tó wà lápá òkè rẹ ni omi yóò kọ́kọ́ wọ̀, òun náà ni yóò sì lọ pe àwọn tó ń kọ X pupa sára ògiri wá.

Àwọn yẹn ńkọ́? Wọ́n á máa kọjá níwájú ilé nígbà tí o ń wa ilẹ̀, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí kọnkéré bá gbẹ tán ni wọ́n máa rántí pé òfin wà. Wọn kì í mú tẹ́ẹ̀pù dání, wọn ò sì ní wọn jíjìn gọ́tà. Ọ̀dà pupa nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀, lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní ìjọba ìbílẹ̀, kí o kọ lẹ́tà pé pẹpẹ tó ṣeé ṣí ni o fẹ́ fi bo gọ́tà, pé o kò ní dín fífẹ̀ rẹ̀ kù. Ẹ̀dà méjì ni kí o mú lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tí o máa mú padà wálé. Tí wọ́n bá ní "kò sí wàhálà, máa ṣe é lọ," ẹnu lásán nìyẹn. Ẹni tó sọ ọ́ lè má sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá. Ya fọ́tò gọ́tà kí o tó fọwọ́ kàn án, kí tẹ́ẹ̀pù hàn nínú fọ́tò náà. Ti ẹbí, o ti mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é: kí àwọn àgbà fọwọ́ sí i.

Ó wá kan pẹpẹ fúnra rẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n dà á ní odidi fíìtì 12 lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tí yanrìn bá kún abẹ́ rẹ̀, fífọ́ ni ẹ máa fọ́ ọ. Ege-ege ni kí o ṣe é: mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní fíìtì 2, kó gùn ní fíìtì 3 ní ìdábùú gọ́tà, kó nípọn ní ìńṣì 6. Ege kan á wọn nǹkan bíi kílò 200. Ọkùnrin mẹ́rin pẹ̀lú irin méjì á gbé e. Fíìtì 3 yẹn jẹ́ ìńṣì 24 ti ẹnu gọ́tà, àti ìńṣì 6 tó máa jókòó sórí ògiri gọ́tà lápá kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí gbogbo iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni rọ́ọ̀dù. Mú pákó tín-ín-rín, fi dábùú gọ́tà, kí o fi ẹsẹ̀ tẹ àárín rẹ̀: abẹ́ ni yóò ti là, kì í ṣe òkè. Bí kọnkéré ṣe rí náà nìyẹn. Òkè rẹ̀ ń fún pọ̀, ìyẹn kì í ṣe é ní nǹkan kan. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fà, fífà ni kò sì lè gbà. Nítorí náà rọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, ìńṣì 1 péré sí abẹ́, èyí tó nípọn jù sì gbọ́dọ̀ dá gọ́tà kọjá láti etí kan dé èkejì. Àwọn bíríkìlà fẹ́ràn láti tò ó gba gígùn gọ́tà torí ó rọrùn fún wọn, tàbí kí wọ́n gbé àwọ̀n irin náà lélẹ̀, kí wọ́n da kọnkéré lé e, kí wọ́n wá fi ọwọ́ fà á sókè díẹ̀ "kó lè wà láàárín". Àárín kò wúlò! Bí táyà Highlander bá gun irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀, ó lè má là lọ́jọ́ náà. Ìlà tín-ín-rín bí irun á kọ́kọ́ yọ lábẹ́, níbi tí ojú rẹ kò dé. Omi á wọ ibẹ̀, irin á dípẹtà, á wú, kọnkéré á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sínú gọ́tà. Ìgbà tó o máa fi rí i lókè, ó ti parí.

Ege kọ̀ọ̀kan fẹ́ rọ́ọ̀dù 12mm márùn-ún, tí wọ́n gé ní ìńṣì 34, láti dá gọ́tà kọjá. Lórí wọn, 10mm márùn-ún tó gùn ní ìńṣì 22, ní ìdàkejì, kí o fi báídìn wáyà so wọ́n níbi tí wọ́n ti pàdé. Kí ẹ ti da bisikíìtì kọnkéré onínìpọn ìńṣì 1 sílẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ tò wọ́n sábẹ́ irin kó má bàa kan ilẹ̀. Má gba òkúta gíránáìtì dípò bisikíìtì, yóò yẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gún kọnkéré. Ìkọ́ méjì tí ẹ máa fi gbé e fún ege kọ̀ọ̀kan, 12mm tí ẹ tẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ àwọ̀n irin. Fi ìdí agolo mílíìkì ṣe ihò yí orí ìkọ́ ká, kó má yọ sókè ju ojú kọnkéré lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà ló máa jẹ ẹ́.

Nígbà tí o bá ń ra rọ́ọ̀dù, mú ohun tí wọ́n fi ń wọn nínípọn lọ. Ohun tí wọ́n ń tà ní 12mm lè jẹ́ 10 àti díẹ̀, gígùn rẹ̀ sì lè má pé mítà 12. Ẹni tó bá bínú pé o fẹ́ wọ̀n ọ́n, kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ògiri gọ́tà ńkọ́? Tó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù tó ti ń yìnrìn, pẹpẹ tó dára jù kò lè dúró lórí rẹ̀. Gé orí ògiri náà wálẹ̀ ní ìńṣì 12 lápá méjèèjì. Da kọnkéré ìńṣì 6 tuntun sí i pẹ̀lú 10mm méjì-méjì tó gba gígùn rẹ̀. Ìńṣì 6 tó kù ni pẹpẹ máa jókòó sí, ojú rẹ̀ á sì bá ilẹ̀ dọ́gba. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí o má nílò òkè kékeré tí àwọn kan ń dà jáde sórí títì. Abẹ́ Corolla kò ga ju ìńṣì 6 lọ dáadáa, òkè yẹn á máa fọ́ bọ́ńpà rẹ, á sì fún àwọn ọlọ́dà pupa ní nǹkan tí wọ́n ń wá.

Pípò kọnkéré kò le: àpò sìmẹ́ǹtì kan, hẹ́dípáànù yanrìn oníṣàn mẹ́rin, gíránáìtì mẹ́jọ, omi tí kò ju lítà 25 lọ. Ó yẹ kó ki bí ìkọ́kọrẹ́. Tó bá ń ṣàn bíi gààrí tí wọ́n rẹ sómi, bíríkìlà ń tu ara rẹ̀ lára ni. Fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, má sì jẹ́ kí mọ́tò gùn ún kó tó pé ọjọ́ 28. Ẹ fi ìdajì ìńṣì sílẹ̀ láàárín ege àti ege.

Kí n tó gbàgbé: wádìí ibi tí ṣáláńgá àtijọ́ wà nínú agbo ilé. Ìyá àgbà tó bá wà nílé á mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fi pàǹtírí dí i, ó sì ń rì díẹ̀díẹ̀; táyà kan lè wọlé sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìdérí sókàwéè: wọn ò ṣe é fún mọ́tò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì máa ń jẹ irin rẹ̀ láti abẹ́. Tí ògiri ilé bá jẹ́ alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, má wa ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí o sì fi búlọ́ọ̀kù dí táyà ní fíìtì 3 sí i. Ríbáàsì kan péré ti tó láti wó ògiri bẹ́ẹ̀.

Géètì fíìtì 10? Rárá o, 12. Àdúgbò yẹn kò fẹ̀, mọ́tò kò lè ṣẹ́ wọlé tààrà, imú rẹ̀ á ti kan ògiri iwájú kó tó yípo tán. Tí títì bá há gan-an, sún géètì wọ inú ní fíìtì 3, kí o gé igun òpó méjèèjì. Mọ̀ pé géètì ìlẹ̀kùn méjì tó ń ṣí sínú máa ń jẹ fíìtì 6 nínú ilẹ̀ rẹ: Highlander 2010 gùn tó fíìtì 16, ìyẹn fíìtì 22 kí géètì tó lè padé. Kó ṣí síta kọ́, orí gọ́tà àti àwọn tó ń kọjá nìyẹn. Èyí tó ń yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló dára, tí fẹ́ǹsì rẹ bá lọ tààrà tó fíìtì 13 lápá kan. Kí wẹ́dà lo bẹ́rìn tó dára, kí o sì máa gbá yanrìn ojú irin rẹ̀.

Fún mọ́tò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wá fíìtì 18 ní ìbú. Mọ́tò nìkan ti gba 12, ìyókù jẹ́ ti ìlẹ̀kùn àti ikùn ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Tí kò bá tó, ẹ tò wọ́n tẹ̀léra, kí ẹni tó ń tètè jáde gbé tirẹ̀ sítòsí géètì. Ríbáàsì ni kí ẹ fi wọlé. Fífi ẹ̀yìn jáde láàárọ̀, tí àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, ewu ni. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí ayé bá ń wọ́ lọ sí Ojúde Ọba, to táyà tí ẹ kùn ní funfun síwájú géètì láti alẹ́ àná rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àlejò Èkó á gbé mọ́tò dí yín pa títí di ìrọ̀lẹ́.

Iye tí o béèrè: sìmẹ́ǹtì àpò 5, rọ́ọ̀dù 12mm mẹ́ta, 10mm mẹ́ta, hẹ́dípáànù yanrìn 20, gíránáìtì 40. Gọ́tà fíìtì 2 àti géètì fíìtì 12 ni mo fi ṣírò rẹ̀. Wọn fífẹ̀ gọ́tà tìrẹ níbi mẹ́ta, torí kì í dọ́gba. Tó bá ju fíìtì 2 lọ níbikíbi, má lo nọ́ńbà wọ̀nyí, irin àti nínípọn gbọ́dọ̀ yí padà. Kọ ohun tí tẹ́ẹ̀pù sọ síbí.