Ọ̀kadà Orí Yìnyín: Ṣé Kí Bàbá Gùn Ún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní Denver, l'Amẹ́ríkà, ti sanwó pé kí èmi àti òun lọ gun snowmobile, ọ̀kadà orí yìnyín, lórí òkè Vail Pass tí mo bá dé lóṣù kejì. Ẹni ọdún 63 ni mí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀kadà kò ṣàjèjì sí mi, Suzuki ni mo gùn lọ síbi iṣẹ́ fún ogún ọdún. Ìyàwó mi ní òtútù á pa mí. AS ni mí. Kí lẹ rí sí i?
Bàbá kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Ẹ bá mi sọ fún ìyá wa pé òtútù kọ́ ni ìṣòro. Àwọn tó ń mú èèyàn gòkè máa ń ní kóòtù, bàtà àti àṣíborí tí wọ́n ń yáni, kódà ibi tí ẹ óò di ẹ̀rọ náà mú ń gbóná. Ẹ ṣáà má wọ jíǹsì tàbí síńgílẹ́ẹ̀tì òwú sábẹ́. Bí òwú bá ti mu omi, gbígbọ̀n dé nìyẹn.

Gíga òkè yẹn ni kí ẹ rò. Vail Pass ga tó mítà 3,250. Òkè Ìdànrè tí a fi ń yangàn kò tó 1,000. Bí ẹ bá ń mí afẹ́fẹ́ mẹ́wàá símú n'Íbàdàn, bíi méje péré lẹ óò rí níbẹ̀. Ẹni tó bá balẹ̀ láti Èkó lónìí tó gòkè lọ́la, orí fífọ́ àti èébì ló ń wá. Denver náà ga tó mítà 1,600, nítorí náà ẹ sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ máa mumi, ẹ fi ọtí sílẹ̀.

AS tí ẹ sọ gbẹ̀yìn bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan, òun gan-an ni mo dúró lé. Ọ̀pọ̀ AS ló ń gòkè tó ń sọ̀ láìsí wàhálà. Àmọ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn díẹ̀ nínú wọn máa ń dí nínú ọlọ inú (spleen). Ìrora rẹ̀ máa ń bẹ́ lójijì lábẹ́ egungun ìhà òsì. Nọ́ọ̀sì ni mí níbí. Mo ti rí ọmọ ilẹ̀ wa kan tí wọ́n ń tọ́jú bí ẹni tí inú ń run lásán, torí kò sẹ́ni tó bi í ní genotype rẹ̀. Ẹ rí dókítà yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ kọ "sickle cell trait", orúkọ tí wọ́n ń pe AS, sí pépà, ẹ fi sápò, ẹ sì sọ fún amọ̀nà. Bí ìrora yẹn bá dé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíá, ó di ilé ìwòsàn. (SS kò gbọdọ̀ dán irú èyí wò láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.)

Ní ti ẹ̀rọ náà, Suzuki yẹn gan-an ló lè kó bá yín. Bí ọ̀kadà bá fẹ́ ṣubú, ẹsẹ̀ la fi ń ti ilẹ̀. Èmi náà ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹ̀rọ tẹ̀ sí òsì, mo na ẹsẹ̀, yìnyín gbé e mì dé itan, ẹ̀rọ sì fara tì í. Èèyàn méjì ló wà mí jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ wà lórí pèpéle rẹ̀. Bó bá fẹ́ dojú dé, kó dojú dé. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì, kò sí jíà. Àtàǹpàkò ọ̀tún lẹ óò fi máa fún un níná, bíréèkì wà lọ́wọ́ òsì.

Ojú ipa amọ̀nà ni kí ẹ máa tọ̀. Ẹ óò rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó funfun nini, tí kò sí igi kan níbẹ̀, ojú ọmọ yín á sì wọ̀ ọ́. Ẹ má gbà fún un. Ibi tó bá dà gẹ̀rẹ́ ní dígírì 30 sí 45 ni yìnyín ti sábà máa ń ya lulẹ̀ bo èèyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ bi amọ̀nà ní ohun tí Colorado Avalanche Information Center, àjọ tó ń kìlọ̀ nípa yìnyín tó ń ya lulẹ̀, wí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gba owó yín padà.

Inú àpò àyà ni kí fóònù wà o, òtútù máa ń pa bátìrì kí ẹ tó ya fọ́tò kan.