Ibo ni "wrought" inú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti wá?

Láti ara "work" ni "wrought" ti wá, kì í ṣe láti ara "wreak" bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Òun ni wọ́n ń lò kí "worked" tó gba ipò rẹ̀.

Ṣáájú ọdún 1066, "wyrcan" ni ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún kí a ṣe nǹkan. Bí nǹkan náà bá ti di ṣíṣe, "worhte" ni wọn yóò sọ. Nígbà tó yá, "r" àti fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ pààrọ̀ ipò: "wor" di "wro". Irú rẹ̀ pọ̀ nínú èdè náà. "Brid" ni "bird" tẹ́lẹ̀. "Thridda" ni "third", ìdí nìyẹn tí ó fi bá "three" tan. Ní ti "gh", wọ́n ń pè é láti inú ọ̀fun nígbà náà, bí ẹni ń ha ikọ́. Ìró náà ti kú, àwọn lẹ́tà rẹ̀ ló ṣẹ́ kù.

"Wrought" ṣì wà nínú "wrought iron", ìyẹn irin tí wọ́n fi òòlù rọ, àti nínú "overwrought". "Wright" tó wà nínú "wheelwright" jẹ́ ìbátan rẹ̀. "Wrought" wà nínú Bíbélì King James ti 1611 pẹ̀lú, ní Númérì 23:23, gbólóhùn tí Samuel Morse fi tẹ́lígíráàfù rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń fi àmì ránṣẹ́ lórí wáyà) ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, 1844.

Àkíyèsí kan: bí "wreak" bá ti di ṣíṣe, "wreaked" ni à ń sọ. Ṣùgbọ́n "wrought havoc" (ó ṣe ìparun) kì í ṣe àṣìṣe, nítorí "work havoc" náà wà.