Ṣé kí ẹ ṣọ́fù dẹ́ẹ̀kì tí ẹ ti tò sílẹ̀? Ìdáhùn mi fún àbúrò wa ní Sùúrùlérè

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní káàdì Magic: The Gathering, eré tí a ń fi káàdì bá ara wa jà, wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò máa ń kóra jọ ní Sùúrùlérè lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní káàdì tiwọn. O wá fẹ́ to dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ìdì káàdì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń ta, sílẹ̀ kí wọ́n tó dé, kí ẹni tó bá wọlé kàn mú ọ̀kan, kó jókòó, kó bẹ̀rẹ̀. O bi wá pé dẹ́ẹ̀kì mélòó ló tó, àti pé ṣé kí ẹ ṣọ́fù, kí ẹ da káàdì pọ̀ mọ́ra, ni àbí kí ẹ fi káàdì sílẹ̀ bí ẹ ṣe tò ó.

Má tò ó tán, má sì ṣọ́fù ẹ̀ tán. Màá ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ohun kan gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí mi ò fẹ́ kí ojú ẹ rí ohun tí ojú mi rí.

Bí o bá ti to dẹ́ẹ̀kì kan tán, kọ orúkọ gbogbo káàdì inú rẹ̀ sínú ìwé kí o tó gbé e kúrò lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ló ra káàdì fún àwa tiwa ní Yábàá, ó sì fara balẹ̀ tò wọ́n. Ó fi rọ́bà di dẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan, ó ki bébà pélébé tó kọ orúkọ sí bọ abẹ́ rọ́bà náà, ó tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa jáde fún ẹni tí ò ta á rí. Ẹrù dé Èkó, wọ́n dá a dúró. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ mú káàdì kan, ó yí i síwá-sẹ́yìn, ó ní irinṣẹ́ tẹ́tẹ́ ni. Mo ní, "Ọ̀gá, eré àwọn ọmọ ni." Ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ òun ni. Ó ní kí n mú rìsíìtì wá. Mo mú un wá, ó ní orúkọ tó wà lórí ẹ̀ kì í ṣe orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló rajà; orúkọ ta ni ìbá wà níbẹ̀? Wọ́n ní kí n gòkè lọ bá ọ̀gá wọn. Ọ̀gá wọn ò sí lórí ìjókòó. Ìgbà tó padà dé, ó ní Jímọ̀ ni, kí n yáa máa bọ̀ ní Mọ́ńdè. Mo dé Mọ́ńdè, iye tí wọ́n pè fún mi tẹ́lẹ̀ ti yí padà, kò sì sẹ́ni tó lè fi bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀ hàn mí lórí bébà.

Gbogbo ìyẹn, mo gbà á mọ́ra. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni pé lẹ́yìn tí mo sanwó tán, ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn ní òun ò tíì yẹ inú páálí wò dáadáa. Ó já àwọn rọ́bà náà níkọ̀ọ̀kan. Ó da gbogbo káàdì sórí tábìlì, ó fọwọ́ tú wọn ká, pupa wọ inú búlúù, búlúù wọ inú ewéko, bébà pélébé tí ẹ̀gbọ́n mi kọ orúkọ sí ń fò lábẹ́ fáànù. Kò rí nǹkan kan. Ó wá fi apá gbá wọn padà sínú páálí bí ẹni ń kó gààrí tó dà sílẹ̀, ó ní, "Ó yá, máa gbé e lọ." Iṣẹ́ tí èèyàn fi ọ̀pọ̀ alẹ́ ṣe, ó parẹ́ lójú mi. Kò sí àkójọ níbì kankan tí a lè fi tún un tò, orí ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe é. Inú mi ṣì máa ń ru bí mo bá rántí. Kò tiẹ̀ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Nítorí náà, ìwé àkójọ kan nínú dẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan, ìkejì rẹ̀ nílé, kí o sì ya fọ́tò gbogbo káàdì náà lórí ibùsùn. Sleeve (àpò ike tí a ń ki káàdì kọ̀ọ̀kan bọ̀) àwọ̀ kan fún dẹ́ẹ̀kì kan ló dára jù: pupa gbogbo, dúdú gbogbo. Bí owó sleeve ò bá ká a, lẹ nọ́ńbà kékeré mọ́ iwájú sleeve náà, ní ìsàlẹ̀. Iwájú o, kì í ṣe ẹ̀yìn. Bó bá wà lẹ́yìn, ẹni tó lójú á ti mọ ohun tó kàn kó tó fà á. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi káàdì ránṣẹ́ sí yín láti òkè òkun, orúkọ ẹni tó máa lọ gbà á ni kó wà lórí rìsíìtì, kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú páálí síta gbangba, má sì sanwó fún ẹni tí kò ní fún ọ ní rìsíìtì.

Ó dáa, ó kan ṣọ́fù.

Tó o bá to gbogbo dẹ́ẹ̀kì láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí o ò sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, eré àkọ́kọ́ á dùn. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọmọ tó mú dẹ́ẹ̀kì yẹn rí á ti mọ ohun tó ń bọ̀, á sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kìkì ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni irú ìtò bẹ́ẹ̀ wà fún. Àpótí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ tí iléeṣẹ́ Wizards of the Coast, àwọn tó ń ṣe Magic, mú jáde pẹ̀lú Foundations, ọ̀wọ́ káàdì wọn kan, ní oṣù kọkànlá 2024, àpò 10 tí káàdì wà nínú wọn ló wà nínú ẹ̀. Méjì péré ni wọ́n tò sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tó jẹ́ ológbò àti èyí tó jẹ́ àwọn amùjẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó ń mú ọ tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Àwọn yòókù, ṣíṣọ́fù ni.

Bẹ́ẹ̀, tó o bá ní kí wọ́n ṣọ́fù gbogbo ẹ̀, ìyà tó ń lé àwọn tuntun lọ nínú Magic á bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀, káàdì tí a fi ń san owó káàdì yòókù, ò ní wá. Ọmọ á jókòó, káàdì 7 lọ́wọ́, ilẹ̀ ẹyọ kan, kò rí nǹkan kan ṣe, ẹnìkejì ń gbá a. Sátidé tó ń bọ̀, kò ní wá mọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é ní Yábàá nìyí. Káàdì 40 ni dẹ́ẹ̀kì kan: ilẹ̀ 16, káàdì yòókù 24. Pín in sí òkìtì 8 lórí tábìlì, kí òkìtì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ 2 àti káàdì mìíràn 3. Ṣọ́fù òkìtì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kí ẹni tí ẹ jọ fẹ́ ta wá yàn fún ọ, láìwo ojú káàdì, èyí tó máa wà lókè àti èyí tó máa tẹ̀ lé e, títí kan ìkẹjọ. Kò sẹ́ni tó máa gé dẹ́ẹ̀kì mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Káàdì 7 àkọ́kọ́ tó máa bọ́ sí ọwọ́ ẹ ò ní dín ní ilẹ̀ 2, kò sì ní ju 4. Tó o bá ti rí káàdì 10, ilẹ̀ 4 gééré ló wà nínú wọn. Torí náà, ẹ ò nílò pé kí ẹnikẹ́ni dá káàdì ọwọ́ rẹ̀ padà kó fa òmíràn. Ẹ fi òfin yẹn sílẹ̀ pátápátá, ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ.

Ohun kan ló máa ń ba ètò yìí jẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́: káàdì tó bá ní kí o wá nǹkan nínú dẹ́ẹ̀kì rẹ kí o sì ṣọ́fù. Evolving Wilds jẹ́ ọ̀kan. Tí ọmọ kan bá lò ó báyìí, gbogbo òkìtì yín ti dàrú. Yọ gbogbo irú wọn. Èyí náà ni ò jẹ́ kí ètò yìí bá Pokémon, eré káàdì mìíràn, mu, torí dẹ́ẹ̀kì ibẹ̀ kún fún káàdì bíi Nest Ball àti Ultra Ball tó ń wá nǹkan tó sì ń ṣọ́fù. Tí àwọn kan bá gbé Pokémon wá, káàdì 60 ni dẹ́ẹ̀kì tiwọn, jẹ́ kí wọ́n ta á bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n.

Nípa yíyan káàdì 24 yẹn, ìwọ náà á ti mọ̀ ọ́n: àwọ̀ kan, ẹ̀dá (káàdì tó ń jà) tó pọ̀, èyí tí ilẹ̀ tí a fi ń san án kéré lọ́pọ̀, ọ̀rọ̀ tí ò gùn.

Tí ẹ bá ń kọ́ àwọn tó kéré, ẹ pe dẹ́ẹ̀kì ní máàkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ọmọ Èkó ti ta Whot, wọ́n ti mọ ohun tí "lọ máàkẹ́ẹ̀tì" jẹ́, kò sí àlàyé tí ẹ tún máa ṣe.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ta máa ń ní àǹfààní, eré kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe ń dín in kù. Nínú Magic, tó bá jẹ́ ẹni méjì, ẹni àkọ́kọ́ kì í fa káàdì nígbà àkọ́kọ́. Nínú Yu-Gi-Oh!, tí òun náà jẹ́ eré káàdì, kì í fà, kì í sì í lè gbógun. Nínú Pokémon, ó máa fà, ṣùgbọ́n kò lè gbógun. Tí ẹ bá rí i pé àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣì ń jẹ jù, nínú Magic, ẹ fún ẹnìkejì ní ẹ̀mí (iye tó jẹ́ pé tó bá tán, eléré ti pàdánù) 22 dípò 20. Kí ẹni tó bá pàdánù máa yan ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn.

Àwọn kan máa wá bá ọ, àwọn tó ti ka ìwé òfin ìdíje tán. Wọ́n á ní èyí tí ò ṣọ́fù dáadáa kì í ṣe Magic, pé dẹ́ẹ̀kì gbọ́dọ̀ jẹ́ 60, pé ẹ ò gbọdọ̀ ṣe báyìí. Ọ̀kan wá bá wa ní Yábàá, ó dúró lé àwọn ọmọ lórí, ó ń kà á fún wọn títí ọmọbìnrin kan fi kó káàdì ẹ̀ sílẹ̀ tó lọ ilé. Ó bí mi nínú gidigidi. Òfin ìdíje wà fún ìdíje. Richard Garfield gbé eré yìí jáde ní 1993, àwọn tó ń ta á ò sì yé dá ọ̀nà tiwọn sílẹ̀ látìgbà náà. Commander, ọ̀nà kan láti ta Magic, tí dẹ́ẹ̀kì ẹ̀ jẹ́ 100 tí ẹ̀mí ẹ̀ sì jẹ́ 40, àwọn eléré ló dá a sílẹ̀ fúnra wọn; 2011 ni iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta dẹ́ẹ̀kì tó ti tò fún un. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé lé àwọn ọmọ ẹ dànù.

Tún ṣọ́ra fún afẹ́fẹ́ Èkó. Nígbà òjò, káàdì foil, àwọn tó ń dán yẹn, máa ń ká kò tí wọ́n á fi hàn gbangba láàárín dẹ́ẹ̀kì, kódà nínú sleeve. Ẹ má fi wọ́n sínú ètò yìí rárá. Ẹ fi dẹ́ẹ̀kì sínú ike tó ní ìdérí tó le, kí ẹ sì máa tọ́jú àwọn àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ jù wọ́n sínú ẹ̀. Kò sì sí ohun jíjẹ lórí tábìlì, pàápàá púfúpúfù.

Tí káàdì ò bá tó, ẹ tẹ ojú èyí tó kù sórí bébà lásán, 63 mm ní ìbú, 88 mm ní gígùn, kí ẹ ki í síwájú káàdì gidi tí ò níye lórí nínú sleeve. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó le, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, bébà 300 gsm, kí wọ́n bá yín gé igun ẹ̀ roboto. Ẹ̀rọ wọn dára, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ nípa owó. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kúrò lórí tábìlì yín. Ẹ ò gbọdọ̀ tà á lọ́jà, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Háà, o béèrè iye dẹ́ẹ̀kì. Tí èèyàn 8 bá ń wá, dẹ́ẹ̀kì 8 ti tó. Àwọn 8 yẹn máa ń pàdé ara wọn lọ́nà 28, tí o bá sì fẹ́ kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ó di eré 56. Ẹ má sọ pé ẹ máa tà á tán kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ máa kọ ẹni tó jẹ sílẹ̀ ní Sátidé kọ̀ọ̀kan. Dẹ́ẹ̀kì tó bá ń pàdánù fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, pààrọ̀ káàdì 2 péré nínú ẹ̀, kí o tún wò ó. Tó o bá pààrọ̀ 10 lẹ́ẹ̀kan náà, o ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Tí ẹ bá sì fẹ́ kí ó máa yí padà, ẹ wo bí Jumpstart, ọjà Magic mìíràn, ṣe ṣe é ní 2020: ìlàjì dẹ́ẹ̀kì oní-20 ni wọ́n ń tà, o mú méjì, o so wọ́n pọ̀. Ìlàjì 8 lè di dẹ́ẹ̀kì 28, àmọ́ ẹni 4 péré ló lè jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlàjì kọ̀ọ̀kan ní òkìtì 4. Ẹ fi òkìtì àwọ̀ kan lé orí òkìtì àwọ̀ kejì, kí wọ́n máa tẹ̀ lé ara wọn títí wọ́n á fi pé 8.

Kọ iye ilẹ̀ tí ẹ ní síbí, àwọ̀ ní àwọ̀. Dẹ́ẹ̀kì 8 máa gba ilẹ̀ 128. Tí kò bá pé, ìyẹn ni ká kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó ra káàdì kankan.