Èsì: Òróró tó kọ̀ tí kò gbẹ lára igi ìbọn

Ẹ ní òróró linseed (òróró irúgbìn ewéko flax) tí ẹ fi kun igi ìbọn ìyìn-sí-àmì yín ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 5. Ẹ ti kùn ún nípọn jù ni. Linseed kì í gbẹ bí omi. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di líle. Tó bá nípọn, òkè á di awọ, abẹ́ á ṣì tutù. Ẹ fi àkísà àti tọpẹntáìnì nù ún kúrò.

Kẹ́ ẹ tó tún un kùn, ẹ fi àkísà tútù nu igi náà. Irun rẹ̀ á dìde bí irùngbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Tó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà tó kúnná (nọ́ńbà 320) gé e, kẹ́ ẹ máa tọ ìlà ara igi lọ. Ẹ ṣe é títí kò fi ní dìde mọ́. Òróró kín-ún ló tó: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á mọ́ igi náà lára títí á fi gbóná, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 ẹ nu èyí tó ṣẹ́ kù. Ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó fi òmíràn lé e.

Ẹ má fo abẹ́ rọ́bà ìdí ìbọn o, àti inú kòtò tí irin jókòó sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ń gbà wọlé. Igi á wú, á ti ọ̀pá ìbọn, ọta á sì yà kúrò lójú àmì.

Ẹ tẹ́ àkísà olóróró yẹn síta. Tẹ́ ẹ bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.