Iṣẹ́ tí ọmọ ń wá lọ s'Íbàdàn: kí ni ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú lè ṣe?

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní Òkè-Ògùn. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti ní Lọ́ńdọ̀nù dá owó jọ, ó ti pé ₦28,000,000. Àwọn àgbà ní ká fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù sínú ọjà. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká fi dá ilé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ ńlá sílẹ̀. Àwọn kan ní ká máa tọ́jú rẹ̀ de ìjọba ìpínlẹ̀, nítorí wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn yóò fi tiwọn kún un. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ọmọ bá ti ṣe WAEC tán báyìí, Ìbàdàn ló kàn, tàbí Èkó. Báwo làwọn ìlú mìíràn ṣe ń ṣe é tí iṣẹ́ fi ń wà nílé?

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti bí ogún ọdún ni pé kí n máa bá ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ ṣètò bí ọrọ̀ ajé wọn yóò ṣe gbèrú, ìbéèrè yín yìí sì ni wọ́n ń bi mí jù. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ló yá.

Ẹ má kọ́ ọ. Mo mọ ìlú kan tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn irin ogójì sínú ọjà, tí wọ́n pe àwọn èèyàn ńlá wá ṣí i, tí ìlú jó. Lẹ́yìn ọdún méjì mo padà débẹ̀: ewúrẹ́ ló ń sùn lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, àwọn ìyá ọlọ́jà sì wà létí títì níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Wọn kì í ṣe olórí kunkun. Létí títì ni èrò ọkọ̀ ti ń rajà, owó ṣọ́ọ̀bù sì ju èrè tí ẹni tó ń ta ata àti iyọ̀ ń jẹ lóṣù lọ. Ṣọ́ọ̀bù kì í bí oníbàárà. Owó tí aráàlú yóò fi rajà gbọ́dọ̀ ti ibì kan wọlé ná.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ pé ara wa nìkan là ń tà fún, owó kan náà la óò máa gbà lọ́wọ́ ara wa. Ìlú máa ń lówó nígbà tí ohun tí wọ́n fọwọ́ ṣe bá jáde lọ sọ́dọ̀ ará ibòmíràn, tí owó rẹ̀ wọlé, tí owó náà sì gba ọwọ́ bíi mẹ́rin márùn-ún nílé kó tó tún jáde. Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ lọ wo ohun tó ń jáde nílùú yín. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀ o, ẹ kà á. Ẹ fi àwọn ọmọ tó ń dúró de èsì WAEC yẹn sí oríta tó jáde nílùú, láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì tó ní ọjọ́ ọjà nínú. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: ọkọ̀ mélòó ló gbé ẹ̀gẹ́ tútù, mélòó ló gbé gààrí, láfún, ẹ̀lùbọ́, àgbàdo, èédú, ibo ni wọ́n ń lọ, ta ló ni ẹrù náà, ṣé ọmọ ìlú ni àbí àlejò tó wá rà á lóko?

Ní ọ̀pọ̀ ìlú tí mo dé lápá ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀gẹ́ tútù ló ń jáde jù. Ẹni tó gbìn ín gba owó táṣẹ́rẹ́. Owó bíbó, owó rírin, owó fífún, owó yíyan, owó ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, owó ẹni tó ń ta igi ìdáná, gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ ará ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ yín ń wá lọ s'Íbàdàn, inú ọkọ̀ yẹn ló wà. Ó ti ṣáájú wọn jáde nílé.

Àwọn ọ̀dọ́ yín ti rí èyí, ojú wọn sì ríran. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ dáwọ́ lé ṣe tóbi tó ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé iṣẹ́ náà ń lo tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 20 lójúmọ́, èyí tí kò tilẹ̀ tóbi. Lóko àwọn àgbẹ̀ wa, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 8 sí 10 là ń sábà rí lórí hẹ́kítà kan. Ẹ̀rọ yín yóò máa jẹ hẹ́kítà méjì lóòjọ́, ó kéré tán. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 250 lọ́dún, hẹ́kítà 500 nìyẹn, ẹ̀gẹ́ sì ń lò tó ọdún kan nínú ilẹ̀ kó tó gbó dáadáa. Ta ló gbìn ín? Bí owó gààrí bá sì wá gbówó lórí, àgbẹ̀ yóò ta ti ẹ̀ fún ìyá tó gbé owó wá bá a lóko, kì í ṣe fún ilé iṣẹ́ tó ní kó padà wá gbowó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró deni: láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí wọ́n bá ti hú u, inú rẹ̀ ti ń dúdú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ tó kú nílẹ̀ wa, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kọ́ ló pa wọ́n. Ebi ló pa wọ́n.

Àwọn baba wa ti rí irú èyí rí. Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ fáàmù sẹ́tílímẹ́ǹtì, wọ́n wo àpẹẹrẹ rẹ̀ láti Ísírẹ́lì. Wọ́n kó ọ̀dọ́ tó ti jáde ilé ìwé jọ, wọ́n kọ́lé fún wọn, wọ́n pín ilẹ̀ fún wọn, wọ́n gbé katakata wá. Owó tí wọ́n ná lórí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Lákòókò kan náà, kòkó tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé fún ẹnikẹ́ni kó tó gbìn ni ó ń bọ́ gbogbo ẹkùn náà. Àgbẹ̀ fúnra wọn ló gbìn ín. Ohun tí ìjọba àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá wọn ṣe ni èyí tí àgbẹ̀ kan ṣoṣo kò lè dá ṣe: wọ́n ń yẹ kòkó wò kó lè dára tó èyí tí wọn ó rà lókè òkun, wọ́n ń kó o jọ tà, wọ́n ń yá àgbẹ̀ lówó, wọ́n ń la ọ̀nà. Báǹkì alájẹṣẹ́kù tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1953, inú ètò yẹn ló ti jáde.

Èyí tó sún mọ́ wa tí mo fẹ́ràn jù ni ti Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ìparí àwọn ọdún 1990, lábẹ́ Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, wọ́n pe gbogbo ìlú jọ láti jíròrò lórí òṣì tó wà nílé wọn: oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́, obìnrin, ọ̀dọ́, àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, onímọ̀ nípa ìlú àti ilẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ló ṣáájú wọn. Wọn kò kọ́kọ́ lọ kọ́ ilé kankan. Wọ́n béèrè ohun tí àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe àti ohun tó dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì ń yá a fún ẹgbẹ́, kì í ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó mọ ara wọn lè máa dúró fún ara wọn. Láti inú ètò yẹn ni abúlé ẹja Eriwe ti jáde, níbi tí àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ti wà pa pọ̀, adágún ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún ẹja.

Ẹ wo ohun tí wíwà pa pọ̀ yẹn ṣe. Nínú ẹja sísìn, oúnjẹ ẹja ló ń jẹ owó jù, ó máa ń ju ìdajì gbogbo ìnáwó lọ. Ẹni tó ní adágún kan lẹ́yìnkùlé rẹ̀, iye tí wọ́n bá pè é ni yóò rà á. Ní Eriwe, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń kó oúnjẹ jọ, tí wọ́n ń gbé e fún ọmọ ẹgbẹ́ láwìn, tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ nígbà tí ẹja bá tà. Oníbàárà tó bá gbé ọkọ̀ wá mọ̀ pé òun yóò rí ẹja tó kún ọkọ̀. Ẹni tí ẹja rẹ̀ ń ṣàìsàn rí aládùúgbò tó ti mọ àìsàn náà. Wọn kì í ṣe ọlọ́lá tẹ́lẹ̀ o. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́, tí ohun kan ṣoṣo tó kù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ni púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú un wá sílé yín. Bí èmi bá ni akápò, n ó fi nǹkan bí ìdajì owó náà ṣe ibi kan ṣoṣo, sún mọ́ ojú ọ̀nà oko, tí gbogbo ẹni tó ń yan gààrí lè lò: òrùlé gbalasa, ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́, kànga ẹ̀rọ tí omi rẹ̀ kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ààrò tó ní ihò èéfín kí ojú àwọn ìyá wa má bàa máa ta wọ́n. Ẹ gbẹ́ kòtò fún omi tó ń ṣẹ̀ lára ẹ̀gẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń fún un, kó sì jìnnà sí kànga, nítorí májèlé wà nínú omi yẹn. Ẹ má sọ èèpo ẹ̀gẹ́ nù. Tí wọ́n bá sá a gbẹ dáadáa, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn yóò rà á.

Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Kí ẹgbẹ́ má rà á. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, kò sí ẹni tó ń fi gíríìsì sí i. Ọmọ ìlú tó ti ní ẹ̀rọ kan tẹ́lẹ̀, ẹ pè é wá síbẹ̀ kó máa gbowó iṣẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó yín, ẹ fi í ṣe owó yíyá fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá mẹ́wàá: àwọn tó ń yan gààrí, àwọn tó fẹ́ ra jáàkì tí wọ́n fi ń fún un, àwọn ọ̀dọ́ méjì mẹ́ta tó fẹ́ kọ́ wẹ́dà kí wọ́n lè máa tún ẹ̀rọ ṣe. Ìyókù, ẹ fi sílẹ̀ fún àtúnṣe, kí ẹ sì máa lẹ ìṣirò owó mọ́ ara ògiri ààfin lóṣooṣù. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní dá owó ẹlẹ́ẹ̀kejì bí wọn kò bá mọ ohun tí ẹ fi èkíní ṣe.

Àwọn ọmọ yín tó wà lẹ́yìn odi yìí, ẹ má kà wọ́n sí olówó nìkan. Oníbàárà ni wọ́n. Wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta gààrí l'Ékòó, wọ́n mọ irú èyí tí wọ́n ń fẹ́, bóyá kíkan ni tàbí aláìkan, bóyá funfun tàbí èyí tó ní epo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ná. Bí ẹ bá fẹ́ máa dì í sínú ọ̀rá tó ní orúkọ ìlú yín lára, ẹ gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC, ìyẹn sì nílò ibi tó mọ́ tónítóní. Ó tún jẹ́ ìdí mìíràn tí sìmẹ́ǹtì àti omi fi ṣáájú ẹ̀rọ. Ní ti àgbẹ̀ fúnra wọn, igi ẹ̀gẹ́ tó dára wà ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn. Èyí tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè ju tọ́ọ̀nù 20 lọ lórí hẹ́kítà kan. Ìgbà yẹn la lè wá máa sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá.

Ọ̀rọ̀ ìjọba ló kù. Ẹ má tọ́jú owó yín de ìlérí, àmọ́ ẹ má fi ìjọba sílẹ̀ o. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjà, ibùdókọ̀ àti ọ̀nà àdúgbò jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fún wọn ní ipa nínú ètò ọrọ̀ ajé agbègbè wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Nítorí náà, ẹ tọ alága lọ pẹ̀lú ìwé tí àwọn ọmọ yẹn fi ka ọkọ̀. Ẹ sọ fún un pé: ọkọ̀ báyìí ló ń gba ojú ọ̀nà yìí lọ́sẹ̀, afárá kékeré tó já yẹn ń lé wọn sẹ́yìn, ẹ bá wa ṣe é. Ẹni tó mú iye lọ́wọ́ kì í rí bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀. Èyí tó bá kọjá agbára rẹ̀, bíi wáyà iná láti títì ńlá tàbí ọ̀nà gígùn bíi ti Móníyà sí Ìsẹ́yìn, ìjọba ìpínlẹ̀ ni kí ẹ dì í mọ́.

Kí ẹ sì bá alága sọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọkọ̀ gààrí kan bá sanwó níbi mẹ́rin kó tó jáde ní agbègbè yín, àgbẹ̀ ló san gbogbo rẹ̀, nítorí oníṣòwò yóò yọ ọ́ kúrò nínú iye tí yóò rà á. Owó orí tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn wà lára ohun tó gbé Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní 1968. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kó ní rìsíìtì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kíka ọkọ̀ yẹn yóò gbà. Bí ẹ bá ti parí rẹ̀, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà, ẹ má tún un kọ. Bí ẹ̀gẹ́ tútù bá ju gààrí lọ níbẹ̀, ẹ̀bá oko ni ká gbẹ́ kànga náà sí. Bí gààrí bá ti pọ̀ jù ú lọ, a jẹ́ pé àwọn ìyá ti ń yan án nílé wọn, ẹ̀bá títì ni ká gbé e wá.