Níbo Ni Oòrùn Wà Nínú Àwòrán Dúdú?

ÌBÉÈRÈ: Okun o, olóòtú wa. Nínú ìwé kan tí ọmọ mi gbé wálé ni mo ti rí àwòrán igi kan tó wọ́, iṣẹ́ ọ̀kan lára àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń pè ní expressionist. Ọmọ náà ní oòrùn ló ń ràn lára igi náà, ṣùgbọ́n ìlà dúdú nìkan ni mo rí. Ṣé wọn kò tíì parí rẹ̀ ni? — Bàbá kan, Kabba

ÌDÁHÙN: Wọ́n ti parí rẹ̀, Bàbá. Funfun pépà tí yíǹkì kò kàn ni oòrùn tí ẹ ń wá.

Bí ẹ bá ti jókòó ti aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ rí, bóyá níbi iṣẹ́ ọnà tí Nike Okundaye dá sílẹ̀ ní Ogidi, ẹ ó rántí pé ibi tí wọ́n bá fi ìyẹ́ adìyẹ kun èkọ láfún sí ni aró kì í mú. Bí aláàdìrẹ ṣe ń lo èkọ ni ayàwòrán yìí ń lo ìda, àfi pé gbogbo ojú páànù bàbà tí yóò fi tẹ àwòrán náà ni òun ń fi ìda bò, kí ó tó fi abẹ́rẹ́ ha ìlà sí i títí bàbà yóò fi yọjú. Bí ó bá wá tẹ̀ ẹ́ bọ inú ásíìdì, ibi tí ó ha nìkan ni ásíìdì yóò jẹ. Ìlà tó bá pẹ́ níbẹ̀ a jinlẹ̀, a sì gba yíǹkì púpọ̀, òun ni ìtì igi tó dúdú bí èédú. Èyí tí wọ́n tètè fi ìda dí padà a tín-ín-rín bí ẹ̀ka tí ìtànṣán fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò yọ ìda, tí wọn yóò fi yíǹkì pa páànù, tí wọn yóò nu ojú rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó tẹ pépà tútù mọ́ ọn.

Ní ti pé igi náà wọ́, Ernst Ludwig Kirchner àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ni gbogbo wọn, ló dá ẹgbẹ́ àwọn expressionist tí wọ́n ń pè ní Die Brücke, èyíinì ni Afárá, sílẹ̀ ní Dresden ní Jámánì ní 1905. Bí nǹkan ṣe rí lára wọn ni wọ́n ń yà, kì í ṣe bí ojú ṣe rí i. (Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wù mí, òmíràn dà bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀.)

Ẹ tún wo ojú ọ̀run àwòrán náà. Bí ó bá ṣú díẹ̀ bí òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Kabba, a jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ má nu yíǹkì tán ni. Kí ẹ wá fi ọwọ́ bo ìtì igi dúdú náà: funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò di pépà lásán. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, oòrùn yóò tún ràn.