Wákàtí mẹ́fà ní àlọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní àbọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní New York ti bímọ, mo sì ń lọ bá a wẹ ọmọ lóṣù kẹjọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tó rà fún mi ló ń dà mí láàmú. Ọkọ̀ yóò gbéra l'Ékòó ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, yóò gúnlẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí Àbámẹ́ta. Wákàtí mẹ́fà nìyẹn. Ti àbọ̀, lóṣù kẹwàá, aago kan ọ̀sán la ó gbéra, aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ kejì la ó dé. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ṣé ọ̀nà mìíràn ni wọ́n máa gbé mi gbà bọ̀ ni? Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò fẹ́ jókòó pẹ́ jù.
Ìyá Ìbejì, Ìpẹru-Rẹ́mọ

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ọlọ́run yóò dá a sí.

Bí àlọ ṣe jìn náà ni àbọ̀ jìn. Lójú òfurufú, Èkó sí New York tó nǹkan bíi 8,440 kìlómítà. Aago ìlú tí ọkọ̀ bá wà ni wọ́n ń kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó da ìṣirò yín rú nìyẹn. Mọ́kànlá alẹ́ yẹn, aago Nàìjíríà ni. Márùn-ún ìdájí yẹn, aago New York ni. Lóṣù kẹjọ, wákàtí márùn-ún la fi ṣáájú wọn. Nígbà tí ẹ bá ń gúnlẹ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ti lù n'Ípẹru. Wákàtí mọ́kànlá gbáko lẹ lò.

Ti àbọ̀ ńkọ́? Aago kan ọ̀sán tiwọn, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni tiwa. Láti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dé mẹ́rin ìdájí, wákàtí mẹ́wàá péré. (Bí ẹ bá pẹ́ di ìdajì oṣù kọkànlá, wọn yóò ti dá aago wọn padà sẹ́yìn, wákàtí mẹ́fà la ó wá fi ṣáájú.)

Wákàtí kan tó fi dín, ọwọ́ atẹ́gùn ló wà. Lókè téńté níbi tí ọkọ̀ ń fò, bíi kìlómítà mẹ́wàá sí ilẹ̀, atẹ́gùn líle máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn lórí òkun Àtìláńtíìkì. Ní àlọ, iwájú ló ti ń kọ lu ọkọ̀; ní àbọ̀, ẹ̀yìn ló ti ń tì í.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ká mi lára jù. Mo ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ ọdún n'Ijẹ̀bú-Òde, àwọn ìyá tó ń di oògùn sínú àpótí ńlá kò lóǹkà, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni àpótí yẹn ń wà, ọwọ́ ò ní tó o. Inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn yín wà, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ má yí aago ọwọ́ yín padà títí ẹ ó fi gúnlẹ̀, kí ẹ lè lo oògùn lásìkò tó ti mọ́ yín lára. Kí dókítà sọ fún yín ṣáájú bí ẹ ó ṣe máa lò ó tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín ìjókòó, ẹ sì máa mu omi. Ìjókòó gbọọrọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lẹ́sẹ̀.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ló yẹ kí ẹ ti wà n'Íkẹjà. Ẹ kúrò nílé kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mọ́wé àti Ìbàfò ní ọjọ́ Ẹtì kò ṣeé fọkàn tán. Kí ẹ sì pe ọmọ yín lónìí: aago márùn-ún ìdájí tiwọn ni kí ọkọ rẹ̀ wá gbé yín, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì.